Ibi tí Ìlú ti Pàdé Ògiri: Bárékè Ológun ní Mainland Èkó, 1863 sí 2002

Ní Sùúrùlérè, láàrin Ojú-Ẹlẹ́gba àti pápá ìṣeré ńlá, ibùdókọ̀ kan wà tí àwọn kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ ń pè ní Barracks, láìsí orúkọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Abalti ni orúkọ tí iṣẹ́ ológun fún bárékè tó wà níbẹ̀. Abàtì ni ó dà lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Ní Yábàá, tí kò jìnnà sí i, Marda àti Myohaung wà. Ní Àpápá, lẹ́bàá èbúté, Arakan wà. Ẹni tó bá wá ìtumọ̀ àwọn orúkọ wọ̀nyí nínú èdè Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò yóò wá a tì. Orúkọ ojú ogun ni wọ́n, ní Ethiopia àti ní Bọ́mà, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì láàrin 1941 àti 1945.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti kọ púpọ̀ nípa àwọn ọ̀gágun Nàìjíríà àti nípa ìfipágbàjọba. Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ń gbé, àti àwọn ènìyàn tó wà ní ìhà kejì ògiri wọn, kò rí irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀ gbà. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn bárékè ní Èkó jẹ́ ìtàn àlàfo méjì tí ìjọba amúnisìn fi sáàárín ọmọ ogun àti ará ìlú. Èkíní ni àlàfo ilẹ̀: kí ọmọ ogun máa gbé níbi tó jìnnà sí ìlú. Èkejì ni àlàfo òfin: kí ará ìlú tí ọmọ ogun bá ṣẹ̀ má rí ìjọba pè lẹ́jọ́. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìlú dàgbà títí àlàfo ilẹ̀ fi tán. Àlàfo òfin dúró síbẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 1977 ní Móṣáláṣí àti ti ọdún 2002 ní Ìkẹjà ni ẹ̀rí rẹ̀ tó hàn jù lọ.

Àjèjì tó ń ṣọ́ ìlú

Ní 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lójú ọ̀sà tó ń halẹ̀ mọ́ ìlú. Ìjọba tó gba ìlú lọ́nà bẹ́ẹ̀ nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, kò sì lè fọkàn tán àwọn ọmọ ìlú. John Hawley Glover, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ogun ojú omi tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gòlóbà, ló wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1857, ọkọ̀ Dayspring tó bá wá fọ́ sínú odò Ọya nítòsí Jẹ́bà. Nígbà tó gba orí ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí Èkó, àwọn Haúsá kan tẹ̀lé e, ẹrú tó ti bọ́ lọ́wọ́ olówó wọn sì pọ̀ nínú wọn. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ìjọba kó jọ ní 1863 sínú ẹgbẹ́ ológun tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ẹgbẹ́ Haúsá.

Ìdí tí wọ́n fi yan àjèjì kò fara sin. Ẹni tí kò ní ìdílé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni tan ní Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú Òde, kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yìnbọn sí ọ̀nà ibẹ̀. Ní 1865, ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn tó lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò lẹ́yìn odi Ìkòròdú. Ní 1873, Glover kó ọmọ ogun Haúsá lọ sí ogun Àṣáńtì. Ní 1892, wọ́n wà ní Ìmàgbọ̀n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Lójú àwọn ọlọ́lá Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn, ìwọ̀sí méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹrú wọn sá lọ sí Èkó, Èkó sì gbé ìbọn lé ẹrú náà lọ́wọ́.

Ibi tí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí gbé ló fún àdúgbò kan ní orúkọ rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Èkó sọ pé ìjọba kó àwọn Haúsá kúrò láàrin ìlú lọ sí ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù, àti pé láti inú ọ̀rọ̀ pé ọba ló lé wọn débẹ̀ ni orúkọ Ọbáléńdé ti jáde. Ọba tí ìtàn náà ń wí kì í ṣe ọba Èkó; ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìtàn orúkọ ìlú kì í ṣàìní àfikún, ṣùgbọ́n ohun tí èyí pa mọ́ ṣe pàtàkì: ìlú rántí ibùgbé àwọn ọmọ ogun gẹ́gẹ́ bí ibi tí a lé ènìyàn lọ. Nígbà tó yá, ilé yí Ọbáléńdé náà ká, ọjà àti ibùdókọ̀ sì gba ibẹ̀ kan. Ohun tí yóò tún ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì ọ̀sà ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Láti 1897, Frederick Lugard bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun Èkó wọ inú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti Gúúsù Nàìjíríà ní 1906, kí gbogbo wọn tó di Nigeria Regiment ní 1914. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìlànà kò yí padà: láti òkèèrè ni kí ọmọ ogun ti wá, kí ó sì máa gbé lọ́tọ̀.

Èbúté, rélùwéè àti òdìkejì ọ̀sà

Erékùṣù Èkó kéré, ilẹ̀ ibẹ̀ sì wọ́n. Ohun tó gbé iṣẹ́ ológun lọ sí ìhà tí a ń pè ní Mainland lónìí ni rélùwéè àti èbúté. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ọdún kan náà tí afárá Carter so erékùṣù pọ̀ mọ́ Ìdó. Ní 1926, wọ́n ṣí èbúté Àpápá fún ọkọ̀ òkun ńlá. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ òkun àti ọkọ̀ ojú irin ti ń pàdé ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ọ̀sà. Òkè Ọya ni Nigeria Regiment ti ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ ogun rẹ̀. Ọmọ ogun tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Kano tàbí Kàdúná lè dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ òkun láìfi ẹsẹ̀ tẹ erékùṣù. Bárékè ní Yábàá, ní Sùúrùlérè tàbí ní Àpápá wà lójú ọ̀nà yìí gan-an.

Ẹ̀ka ojú omi gba ọ̀nà tirẹ̀ wá. Ní 1887 ni ìjọba Èkó dá ẹgbẹ́ ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó di Nigerian Marine ní 1914. Iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni kíkó ẹrù, wíwa erùpẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀ àti títọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Ní 1956 ni ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà dìde láti inú rẹ̀, Àpápá sì ni ó ti fìdí múlẹ̀. Orúkọ méjì nínú àwọn ibùdó rẹ̀ níbẹ̀ yẹ fún àròjinlẹ̀. Quorra ni orúkọ tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò àtijọ́ fi ń pe odò Ọya. Beecroft ni orúkọ John Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí bí ọkọ̀ ogun ṣe yìnbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851 tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde. Ìlú tí wọ́n yìnbọn lu ń gbé ibùdó ogun tó ń jẹ́ orúkọ ẹni náà mọ́ra títí di òní, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè.

Yábàá, ní tirẹ̀, jáde láti inú àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí àrùn eku kọlu Èkó ní 1924, ìjọba rí i pé ilé inú erékùṣù ti fún pọ̀ jù. Ní 1928, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa tún ìlú ṣe sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB, Yábàá sì wà lára àwọn ibi tó kọ́kọ́ pín sí òpópónà. Ní 1932, ilé ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ṣì fẹjú nígbà náà. Ẹni tó bá ń wo àwòrán ilẹ̀ ìgbà náà kò ní rí ìdí tí bárékè àti ilé onílé yóò fi forí gbárí láyé.

Orúkọ tí wọ́n kó bọ̀ láti ojú ogun

Ogun àgbáyé kejì ló fún àwọn bárékè ní orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 23 wà nínú ogun tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ko Ítálì ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní 25 oṣù kejì ọdún 1941, wọ́n wọ Mogadishu. Láti ibẹ̀, wọ́n gba aṣálẹ̀ gòkè lọ sí Jijiga. Ní oṣù kẹta, wọ́n já ọ̀nà àárín òkè Marda gbà, níbi tí àwọn ará Ítálì ti rò pé kò sí ọmọ ogun tó lè kọjá, wọ́n sì wọ Harar ní 26 oṣù náà. Ní oṣù kẹfà, lásìkò òjò, wọ́n sọdá odò Omo ní agbègbè Abalti nígbà tí ọ̀tá ń yìnbọn láti òkè. Orúkọ òkè ló wà ní Yábàá, orúkọ ibi ìsọdá odò ló wà ní Sùúrùlérè.

Láti 1943, wọ́n kó ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti bá Jàpáànì jà. Ìpín ogun 81 ló kọ́kọ́ lọ, ìpín 82 sì tẹ̀lé e. Arakan ni ìpínlẹ̀ etí òkun tí wọ́n ti jà. Àfonífojì Kaladan ni wọ́n gbà kọjá, tí wọ́n ń ru ẹrù lórí nítorí pé kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Myohaung bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní oṣù kìíní ọdún 1945. Orúkọ Dodan, tí bárékè Ìkòyí lẹ́bàá Ọbáléńdé ń jẹ́, láti Bọ́mà náà ló ti wá.

Ọmọ Yorùbá kan fi ìwé sílẹ̀ nípa ogun náà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀mùrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà nínú ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nígbà tí àwọn ará Jàpáànì kọlù wọ́n ní Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944. Ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àwọn mùsùlùmí abúlé kan níbẹ̀ ló bọ́ ọ, tí wọ́n sì fi pamọ́ fún oṣù mélòó kan, títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi padà dé. Ó kú ní 2012. Ìwé rẹ̀ ṣe pàtàkì fún onímọ̀ ìtàn nítorí pé ìròyìn ọ̀gá òyìnbó ló kún inú àkójọ ìwé ogun yẹn, ohùn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kò tó nǹkan nínú rẹ̀.

Ohun tó yani lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni pé àwọn tó jà ní Marda àti Myohaung kò ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú bárékè tó ń jẹ́ Marda àti Myohaung. Nígbà tí ogun parí, ìjọba dá ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n retí kò tó wọn. Ní Accra, ní 28 oṣù kejì ọdún 1948, ọlọ́pàá yìnbọn pa mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tó ń lọ fi ẹ̀bẹ̀ wọn han gómìnà. Orúkọ ìṣẹ́gun wọ inú ògiri, àwọn aṣẹ́gun wà lóde. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọjá níwájú ẹnubodè wọ̀nyí lójoojúmọ́ kò gbọ́ ìtàn tó wà nínú orúkọ náà rí, nítorí náà Abàtì kò ju orúkọ ibi tí ṣọ́jà wà lọ.

Ìlú dé ẹsẹ̀ ògiri

Ní 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó apá kan àárín ìlú Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn tó ń gbé níbẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ìwádìí tí Peter Marris tẹ̀ jáde ní 1961 fi hàn pé ìyà ńlá ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn: oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, àgbà jìnnà sí ẹbí rẹ̀, owó ọkọ̀ sì wọlé gbà lára owó oúnjẹ. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà ní ìhà méjèèjì ògiri Abalti jọra ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ. Ìjọba ló kó ọmọ ogun wá síbẹ̀; ìjọba náà ló kó aládùúgbò rẹ̀ wá. Ọba ló lé àwọn méjèèjì dé.

Múṣin kò tẹ̀lé ètò kankan láti ọ̀dọ̀ LEDB, nítorí pé kò sí lábẹ́ Èkó. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ni Múṣin àti Ìkẹjà wà. Ẹni tó bá wá iṣẹ́ wá sí Èkó tí kò rí owó ilé Yábàá san máa ń gba ibẹ̀ lọ, ó sì ń ra ilẹ̀ tàbí háyà yàrá lọ́wọ́ ìdílé Àwórì tó ni ilẹ̀. Ilé gígùn tí yàrá kọjú síra wọn kún Ìdí-Òro àti Móṣáláṣí. Kò sí ẹni tó ní kí a fi ààyè sílẹ̀ láàrin ilé wọ̀nyí àti ilẹ̀ ológun, nítorí pé ìjọba kan ló ni ìlà ilé, ìjọba mìíràn ló ni bárékè.

Ìsúnmọ́ra yìí kì í ṣe kìkì ewu. Ọjà inú bárékè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mammy Market fa ará ìlú wọlé: oúnjẹ àti ọtí wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ológun ló sì ń tà á. Ọmọ bárékè ń gbọ́ Haúsá, Yorùbá, Ìgbò, Tívì àti Pìjìn kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ó sì ń bá ọmọ àdúgbò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ìtàn àwọn obìnrin àti ọmọdé wọ̀nyí ni apá tó ṣófo jù nínú ìmọ̀ nípa iṣẹ́ ológun ní Nàìjíríà. Ìgbé ayé wọn fi hàn pé ènìyàn ti rí ọ̀nà gba inú ògiri kọjá tipẹ́ kí òfin tó ronú kan ọ̀rọ̀ náà.

Símẹ́ńtì

Ní 1966, bárékè di ààfin. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun pa olórí ìjọba ní 15 oṣù kìíní, bárékè Ìkẹjà ni Aguiyi-Ironsi ti rí àwọn ọmọ ogun tó fi borí wọn ní Èkó. Ní òpin oṣù keje ọdún náà, Ìkẹjà kan náà ni àwọn tó dìtẹ̀ mọ́ ọn kó ara wọn jọ sí, ibẹ̀ sì ni Yakubu Gowon ti jáde gẹ́gẹ́ bí olórí orílẹ̀-èdè. Ó fi Dodan ṣe ibùjókòó ìjọba. Láti ìgbà náà, ibi tí òfin ti ń jáde àti ibi tí ìbọn wà di ojúlé kan náà.

Ogun abẹ́lé mú kí iye ọmọ ogun pọ̀ sí i, láti nǹkan bí 10,000 ní 1966 dé nǹkan bí 250,000 ní 1970. Ilé kò tó wọn. Ọ̀nà tí ìjọba gbà láti yanjú rẹ̀ ló fa ọ̀kan nínú ìtìjú tó tóbi jù lọ nínú ìtàn èbúté Èkó. Láàrin 1974 àti 1975, ìjọba Gowon ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù símẹ́ńtì láti ilẹ̀ òkèèrè. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ààbò ló ra 16 mílíọ̀nù nínú rẹ̀, pé àwọn fẹ́ fi kọ́ bárékè. Ohun tí wọ́n nílò kò tó 3 mílíọ̀nù. Èbúté náà kò lè gba ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù símẹ́ńtì lọ lọ́dún kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sí etí òkun, wọ́n ń gba owó ìdúró lójoojúmọ́, símẹ́ńtì ń dì sínú wọn, oúnjẹ àti oògùn tó yẹ kó wọlé sì ń dúró lẹ́yìn wọn.

Wọ́n sábà máa ń ka ìtàn símẹ́ńtì gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìwà ìbàjẹ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ìtàn bárékè. Ìjọba gbà pé ilé ni ìṣòro láàrin ológun àti ìlú, pé ògiri púpọ̀ sí i yóò tán an. Gowon ṣubú ní 29 oṣù keje ọdún 1975, nígbà tí ọkọ̀ ṣì tò lójú òkun. Ìbéèrè nípa òfin tó yẹ kó de ọmọ ogun àti aládùúgbò rẹ̀ pọ̀ kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Móṣáláṣí, 1977

Ilé Fela Aníkúlápó Kuti, èyí tó pè ní Kalakuta Republic, wà ní nọ́ńbà 14, Agege Motor Road, ní Móṣáláṣí, ní ibi tí ẹsẹ̀ lè gbéni dé láti Abalti. Ní ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù kejì ọdún 1977, ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí àjọ̀dún FESTAC parí, nǹkan bí 1,000 ọmọ ogun láti bárékè náà yí ilé náà ká lẹ́yìn gbọ́nmi-si-omi-ò-to pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé Fela. Wọ́n lu àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀, wọ́n dáná sun ilé náà, ilé ìwòsàn Dókítà Bẹ́kọ̀ Ransome-Kuti sì jóná pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ju Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá wọn, láti ojú fèrèsé òkè. Obìnrin tó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí ní àwọn ọdún 1940 kò gbádùn mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ó kú ní 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà kò dárúkọ ẹnìkan tó dáná sun ilé. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́nu ìlú láti inú ìwádìí náà ni pé ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Kò sí ibi tí bárékè ti súnmọ́ ilé ju Móṣáláṣí lọ. Àwọn aládùúgbò rí ibi tí àwọn ọmọ ogun ti jáde, wọ́n sì rí ibi tí wọ́n padà sí. Síbẹ̀, nínú ìwé ìjọba, wọn kò ní ojú, wọn kò ní orúkọ.

Àwọn Ransome-Kuti pe ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ náà gun òkè títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó dá a ní 1985. Ìdájọ́ tí Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kà tẹ̀lé òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ọba kì í ṣẹ̀, nítorí náà a kò lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ìjọba nítorí ìwà ìkà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Adájọ́ náà kò fi ìdùnnú sọ ọ́. Ó tọ́ka sí i pé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 ti mú ààbò náà kúrò, ṣùgbọ́n 1977 ni wọ́n sun ilé náà, òfin ọdún 1979 kò sì padà sẹ́yìn. Àwọn olùpẹjọ́ kò rí nǹkan gbà.

Fún ẹni tó ń ka ìtàn bárékè, ìdájọ́ yìí ṣe pàtàkì ju iná náà lọ. Ọba tí ó lé àwọn Haúsá dé Ọbáléńdé ni ọba tí òfin sọ pé kì í ṣẹ̀. Ìjọba náà ti lọ láti 1960. Àlàfo tó fi sílẹ̀ nínú òfin ṣì dá ará Móṣáláṣí dúró ní 1985.

Ìkẹjà, 2002

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìíní ọdún 2002, iná ràn mọ́ ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí nínú bárékè Ìkẹjà. Àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ó sì ń já bọ́ sórí ilé ní àdúgbò tó jìnnà. Àwọn ìdílé ológun tó ń gbé inú bárékè ni wọ́n kọ́kọ́ sá. Àwọn ará Òṣòdì, Máfolúkù àti Ìsọlọ̀ rò pé ogun ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà sá, nínú òkùnkùn, láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn já sí odò kánáàlì Òkè-Àfá, tí koríko bò lójú tí ó fi dà bí ilẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti àwọn tó wà níwájú sínú omi. Àwọn tó kú lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Púpọ̀ jù lọ kì í ṣe àdó olóró ló pa wọ́n, omi ni.

Ọ̀gágun George Emdin, tó jẹ́ olórí bárékè náà, tọrọ àforíjì lórí tẹlifíṣọ̀n ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sì sọ pé ilé ìkóhun-ìjà náà ti gbó, àti pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe ṣáájú. Nínú gbólóhùn yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó wà nínú ògiri mọ̀ pé ewu wà. Àwọn tó wà lóde kò mọ̀, kò sì sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Nígbà tí bárékè Ìkẹjà wà ní ìtàkété sí ìlú, àṣírí bẹ́ẹ̀ kò lè pa àjèjì. Nígbà tí ìlú ti yí i ká, àṣírí kan náà di ikú fún ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó ń sá fún.

Ohun tó kù

Ní 12 oṣù kejìlá ọdún 1991, olú ìlú kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá, Dodan kò sì jẹ́ ibùjókòó ìjọba mọ́. Àwọn bárékè Mainland kò bá a lọ. Láti 2002 ni àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n kó bárékè kúrò láàrin ìlú. Ìtàn tó wà lókè yìí kò fi bẹ́ẹ̀ gbe àbá náà lẹ́sẹ̀. Ọbáléńdé jìnnà sí ìlú nígbà kan, Sùúrùlérè jìnnà, Ìkẹjà jìnnà. Ìlú bá gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n bá tún gbé bárékè lọ, ọjà, ibùdókọ̀ àti ilé yíyá yóò tẹ̀lé e, nítorí pé owó oṣù ọmọ ogun ń fa olùtajà bí oyin ti ń fa eèrà.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́dọ̀ òfin, ó sì wà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ gbà láti 1979 pé a lè pe ìjọba lẹ́jọ́. Kò sọ fún ará àdúgbò bí yóò ṣe mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri kó tó bú. Àwọn onímọ̀, ní tiwọn, kò tíì gba ohùn àwọn obìnrin Mammy Market, ti ọmọ bárékè, ti onílé Ìdí-Òro àti ti àwọn tó yè bọ́ ní Òkè-Àfá sílẹ̀ tó, ní èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Àwọn tó rántí ìgbà tí koríko ṣì wà láàrin Abalti àti ilé wọn ti di àgbàlagbà. Ní 27 oṣù kìíní ọdọọdún, àwọn ìdílé kan ń péjọ sí ibojì àpapọ̀ Òkè-Àfá láti rántí àwọn òkú wọn. Ibẹ̀ ni onímọ̀ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ti lè kọ́kọ́ bá àwọn tí yóò bi léèrè.